Ẹ̀rù Tó Ń Bá Mi Gun Òkè

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí bàbá mi jókòó sórí àpáta kan lójú ọ̀nà oko, tí kò sì dìde mọ́. Àwa méjì péré la jọ ń lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Oko wa wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn òkè tó yí Ìdáàṣà ká, ọ̀nà àbùjá tí bàbá mi fẹ́ràn sì gba orí òkè náà kọjá. Èmi gbé omi àti oúnjẹ, òun gbé àpò èbù iṣu. Mo ti ṣáájú rẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ tó ní, "Dúró dè mí, jẹ́ kí n mí." Mo dúró. Mo yí padà, mo rí i tó sọ àpò náà kalẹ̀, tó jókòó, tó ń fi ọwọ́ wá àyà ara rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan sọnù sí nínú àpò ẹ̀wù. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo ń já èso igbó jẹ. Nígbà tí mo tún wò ó, orí rẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo pè é. Mo tún pè é. Mo rò pé ó ń sùn, mo sì jẹ èso náà tán kí n tó lọ fọwọ́ kàn án.

Àwọn tó gbé e sọ̀kalẹ̀ sọ pé ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Àgbà kan nínú wọn, tó rò pé òun ń tù mí nínú, gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "Kò jẹ ìrora. Bí bàbá tó bí i náà ṣe lọ nìyẹn." Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí nìkan ló dúró sí mi létí. Bàbá bàbá mi lọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi lọ bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni bàbá mi bí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọkàn mi. Mo máa ń fi ìka méjì sábẹ́ àgbọ̀n, níbi tí iṣan ti ń lù, kí n lè mọ̀ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ń ṣe é ní kíláàsì, mo ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí àwọn yòókù ń kúnlẹ̀, mo ń ṣe é bí mo bá ń jẹun, débi pé ìyá mi máa ń gbá ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀. Bí ó bá ń lù, ẹ̀rù á bà mí pé ó ń yára jù. Bí n kò bá rí ibi tó ti ń lù, ẹ̀rù á bà mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń rìn jẹ́jẹ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ilé ẹ̀kọ́ girama wa, nítorí mo gbàgbọ́ pé iye ìlù kan ni Ọlọ́run kà fún ọkàn kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì sáré ti ń ná tirẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á máa sọ pé, "Ẹ rọra o, ẹyin ń bọ̀."

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá ní kí a sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. N kò tíì yí i ká lẹ́ẹ̀kan tí ọwọ́ mi fi tutù, tí ojú mi ṣú, tí ẹnu mi gbẹ bí èèpo igi. Mo dùbúlẹ̀ sórí koríko, mo ń dúró de ikú. Olùkọ́ náà wá dúró lókè orí mi.

Ó bi mí pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ní, "Mo ń kú lọ."

Ó sọ fún àwọn yòókù pé, "Ọ̀lẹ ni. Ẹ máa sáré yín lọ."

N kò kú. Àmọ́ ìtìjú ọjọ́ náà kún ẹ̀rù tó ti wà tẹ́lẹ̀, mo wá ní ẹrù méjì. Ìyá mi mú mi káàkiri. Fádà gbàdúrà fún mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ṣì ń bọ ohun tí àwọn baba rẹ̀ ń bọ, sọ pé bàbá mi ló ń pè mí nítorí pé mo jẹun nígbà tó ń kú lọ. A ṣe ohun tó ní kí a ṣe. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí òun nìkan ló sọ ohun tí èmi náà ti ń rò. Ọdún kẹta mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé mi. Mo kàn jí ní ọjọ́ kan, n kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ìyá mi ń fọ́ òkúta. Lẹ́yìn ikú bàbá mi, agbára rẹ̀ kò ká oko mọ́, ó sì lọ bá àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹsẹ̀ òkè. Wọ́n á dáná sí ara àpáta kí ó lè sán, wọ́n á fi irin ṣí i, wọ́n á wá jókòó sábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n á máa fi òòlù fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. Èmi ń bá wọn jókòó. Ajọ̀ ni wọ́n fún mi láti máa fi ya eruku kúrò lára òkúta, iṣẹ́ tí wọ́n ń fún àwọn ìyá arúgbó. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà.

Ní ọjọ́ kan, òòlù bọ́ mọ́ ìyá mi lọ́wọ́, ó sì fọ́ ìka rẹ̀ méjì. Wọ́n dì í, wọ́n ní kó sinmi fún oṣù kan. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń wò mí. Ní òwúrọ̀, mo gbé òòlù rẹ̀, mo lọ jókòó sí àyè rẹ̀.

Mo fọ́ òkúta fún nǹkan bí wákàtí kan. Nígbà tó di pé kí n ru àwo òkúta lọ síbi tí ọkọ̀ yóò ti kó o, mo gbé e dé ìdajì ọ̀nà. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́ pápá, ọwọ́ mi tutù, àwo náà já bọ́, mo sì wó lé e lórí. Àwọn obìnrin náà gbé mi sórí alùpùpù sẹ́mìjàn kan tó ń gbé èrò, ọ̀kan nínú wọn jókòó sẹ́yìn mi, ó dì mí mú títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tí a bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó ti dàgbà díẹ̀, tí kì í rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìlú ń pè é ní Tàǹtí. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó gbọ́ àyà mi, ó gbọ́ ẹ̀yìn mi, ó wo ojúgun mi.

Ó ní, "Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ọkàn mi fẹ́ dúró, Tàǹtí."

"Láti ìgbà wo ló ti fẹ́ dúró?"

"Ó tó ọdún márùn-ún."

"Ọdún márùn-ún ló ti fẹ́ dúró, kò sì tíì dúró."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bọ́ ohun tó fi ń gbọ́ àyà kúrò létí ara rẹ̀, ó fi sí mi létí, ó sì gbé apá kejì ẹ̀rọ náà lé mi láyà. Gbogbo ọdún yẹn, ìka ni mo fi ń wá ọkàn mi. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ó ń dún kì-tì, kì-tì, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń lọ sọ́jà tí kò kánjú. Bí mo ti ń gbọ́ ọ, ó ń rọra falẹ̀. Omi bọ́ lójú mi.

Mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún un, àti ti bàbá tó bí i. Ó kọ ìwé kan fún wa pé kí a lọ ya àwòrán ọkàn mi ní ilé ìwòsàn ńlá. A lọ, a dúró ní gbogbo ọjọ́, dókítà sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí mo mú èsì náà padà wá fún Tàǹtí, inú mi kò dùn. Mo rò pé ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́.

Tàǹtí kà á, ó ká a. Ó ní, "Ẹ̀rù ló ń ṣe ọ́. Ẹ̀rù náà jẹ́ àìsàn, n kò sọ pé irọ́ lò ń pa. Ṣùgbọ́n o ti fi ara rẹ pamọ́ títí tí kò fi mọ iṣẹ́ kankan mọ́. Bó o bá ní kó ṣe díẹ̀, á pariwo, ìwọ á sì rò pé ikú ló ń pariwo. Lọ́la, gun òkè. Má gùn ún dórí. Gùn ún títí àyà rẹ á fi máa lù, kó o dúró níbẹ̀, kó o ka ọgọ́rùn-ún. Bó bá rọlẹ̀, kó o sọ̀kalẹ̀. Lọ́túnla, fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kún un."

"Bí mo bá kú ńkọ́, Tàǹtí?"

"Kí wọ́n wá mú mi. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ibí ni mo wà."

Ọjọ́ kìíní, n kò dé ibi igi oṣè tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo dúró, mo ka ọgọ́rùn-ún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ó tó rọlẹ̀. Bí mo ti ń sọ̀kalẹ̀, mo bi ara mi léèrè bóyá òní ni iye ìlù tí Ọlọ́run kà fún mi máa pé. Ọjọ́ kejì, mo lọ nítorí pé ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì sùn. Ọjọ́ kẹrin, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ó gbà mí tó oṣù mẹ́ta kí n tó dé àpáta tí bàbá mi jókòó lé. Mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, mo ti ń ka ìṣísẹ̀ tó kù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, n kò dúró, n kò gbàdúrà. Mo gbé ojú mi sí apá kejì, mo yára kọjá bí ẹni tó ń kọjá lójú ajá. Ní ọjọ́ tó tẹ̀lé e, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, n kò jókòó síbẹ̀ rí.

Mo dé orí òkè náà ní ọjọ́ kan tí n kò rò pé màá dé e. Mo rí òrùlé ìlú wa, mo rí ọ̀nà ńlá tó ń lọ sí Parakou, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò lórí rẹ̀ bí èèrà. Àyà mi ń lù tagbáratagbára. Mo ka ọgọ́rùn-ún, ó rọlẹ̀ kí n tó ka àádọ́ta. Àmọ́ n kò ní purọ́ fún yín: bí mo ti ń sọ̀kalẹ̀, mo fi ìka sábẹ́ àgbọ̀n.

Nígbà tí ọwọ́ ìyá mi san, a jọ ń fọ́ òkúta. Mo ń gòkè ní ìdájí, mo ń ru àwo ní ọ̀sán. Apá mi le, ẹ̀yìn mi le. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan, nígbà tí àwọn Kátólíìkì máa ń ti ibi gbogbo wá gbàdúrà ní ihò àpáta Màríà nílùú wa, mo lọ ń bá àwọn àgbàlagbà ru ẹrù láti ibùdó ọkọ̀. Obìnrin kan tó sanra, tó ti Àjàṣẹ́ wá, fún mi ní àpò méjì. Ó ń mí hẹ̀lẹ̀-hẹ̀lẹ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà tí a dé, ó jókòó, ó ń wò mí.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o kò tilẹ̀ làágùn. Kí lò ń ṣe?"

Mo ní, "Mo ń gun òkè, mo ń fọ́ òkúta."

"Ní Àjàṣẹ́, mo ń sanwó fún ẹnì kan kó lè máa mú mi gbé irin. Bí mo bá ní òkè lẹ́yìn ilé mi bíi tìrẹ, èmi ni màá máa gba owó."

Ọ̀rọ̀ eré ni lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n máa padà, mo lọ bá a, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi lọ síbi tó ti ń gbé irin. Ìyá mi sunkún, ó gbà. Ọdún kan àbọ̀ ni mo lò ní Àjàṣẹ́, mo ń gbá ilẹ̀ ilé ìdárayá náà, mo ń nu irin tí òógùn àwọn èèyàn wà lára rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀rù padà bá mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, nítorí kò sí òkè tí mo lè fi dán ara mi wò. Mo wá ń sáré létí ọ̀sà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọ̀gá ibẹ̀ rí i pé mo ń dúró wo ohun tí ó ń kọ́ àwọn èèyàn, ó sì jẹ́ kí n máa dúró tì í. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń gbé nǹkan láìba ẹ̀yìn jẹ́, bí a ṣe ń na ẹsẹ̀ ẹni tí orúnkún ń dùn, bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo padà sí Ìdáàṣà pẹ̀lú èrò kan tó ń dẹ́rù bà mí. N kò ní irin. Mo da sìmẹ́ǹtì àti òkúta wẹ́wẹ́ tí àwa fúnra wa fọ́ sínú agolo wàrà, àwọn ńlá sínú agolo ọ̀dà, mo ti ọ̀pá irin bọ̀ wọ́n láàárín. Káfíńtà kan yọ̀ǹda àgbàlá ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ fún mi. Ìyá mi wá wò ó. Ó gbé agolo kan, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó ní, "Àwa ń gbé òkúta, wọ́n ń sanwó fún wa. Ìwọ wá fẹ́ kí àwọn èèyàn máa sanwó kí wọ́n lè gbé òkúta."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó mi orí. "Ó dáa. Àwọn èèyàn ti ra ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sẹ́nì kan tó wá. Mo ń jókòó sí àgbàlá náà láàárọ̀, èmi àti agolo mi, mo ń gbọ́ ayùn káfíńtà, mo sì ń gbọ́ ọkàn mi. Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé ni mádàámù kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé, tí ẹ̀yìn ń dùn. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó jókòó sórí àga, ó ká apá, ó ń wò wá. Ó wá ní ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn òkúta mímú kúrò nílẹ̀ àgbàlá kí wọ́n má baà gún wa lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà kò wá mọ́, mádàámù náà sì mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Kò pẹ́ tí àwọn aránṣọ àti àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n ń pè mí ní Kóòṣì. Inú mi ń dùn sí orúkọ náà, àmọ́ ní gbogbo òwúrọ̀, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíkankíkan, mo máa ń wo ètè wọn, mo ń wo èékánná wọn, bóyá àwọ̀ wọn ti yí padà. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó lójijì, ara mi á tutù.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá aláṣọ kan wà láàárín wa, Mùsùlùmí, ó ní ìsọ̀ ńlá lọ́jà. Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ nìyẹn. Ó ń ṣe ju ohun tí mo ní kó ṣe lọ. Mo sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ rọra." Ó ní, "Ìgbéyàwó ọmọ mi ti sún mọ́lé, Kóòṣì, jẹ́ kí n fọn díẹ̀." Ó gbé agolo náà sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ di orí mú, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, orí rẹ̀ sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

N kò lè rìn. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, wọ́n ti kọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbéra. Mádàámù olùkọ́ ló fi igbe mú mi. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ pè é." Mo wá sáré, mo pè é, mo tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, mo gbé etí lé ẹnu rẹ̀. Ó ń mí. Káfíńtà fi ọkọ̀ tó fi ń kó pákó gbé wa. Ní gbogbo ọ̀nà, mo di ọwọ́ ìyá náà mú, ìka mi wà níbi iṣan rẹ̀, mo ń kà.

Mo jókòó síta ilé ìwòsàn títí oòrùn fi dé àárín ọ̀run. Ọkọ ìyá náà dé, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìkí mi. Nígbà tí Tàǹtí jáde, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́.

Ó ní, "Kò ní kú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru jù. Ó ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá, ó ní oògùn, kò lò ó. Ṣé o bi í kó tó bẹ̀rẹ̀?"

"N kò bi í, Tàǹtí."

"Ìwọ tó ń ṣọ́ ọkàn tìrẹ tọ̀sán-tòru, o kò béèrè tẹlòmíràn."

Ó wọlé padà.

Mo ti àgbàlá náà. Ọ̀rọ̀ ti yára jù mí lọ dé ọjà: wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń lọ ba ara wọn jẹ́, wọ́n ní ikú bàbá mi ló ń tẹ̀ lé mi kiri. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tilẹ̀ wá sílé wá sọ pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo padà síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Àwọn obìnrin ibẹ̀ sún fún mi láìbéèrè nǹkan kan. Ẹ̀rù náà padà débi pé n kò gun òkè mọ́. Bí alùpùpù bá dúró níwájú ilé wa, mo rò pé àwọn ọlọ́pàá ni.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ìyá aláṣọ ní kí wọ́n pè mí. Ìyá mi ní òun máa bá mi lọ, mo kọ̀. Mo bá a nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó jókòó láàárín aṣọ, ó ti fọn lóòótọ́, ojú rẹ̀ sì rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

Ó ní, "Dìde. Ta ló ní kó o bẹ̀ mí? Èmi ni mo fi àìsàn mi pamọ́. Mo rò pé bí mo bá sọ, o ò ní gbà mí."

Mo ní, "N kò ní gbà yín lóòótọ́, Ìyá."

"Ìyẹn ni mo ṣe dákẹ́." Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Nọ́ọ̀sì ní kí n máa rìn. Ó ní bí mo bá jókòó síbí láti àárọ̀ dalẹ́, ìsọ̀ yìí ló máa pa mí. Ìgbà wo lò ń ṣí?"

Mo ní n kò ní ṣí mọ́. Ó ní òun kò bi mí bóyá màá ṣí, ìgbà tí màá ṣí lòun bi mí. Ó ní ọkọ òun ti gbọ́, ó sì ti gbà.

Mo lọ bá Tàǹtí. Mo sọ fún un pé bí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gbé agolo kankan láìjẹ́ pé òun Tàǹtí ti kọ́kọ́ yẹ ẹni náà wò. Ó ní iṣẹ́ òun ti pọ̀ jù. Síbẹ̀, ó jókòó tì mí ní ọjọ́ Àìkú mẹ́ta léraléra, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó ń bá mi wí bí mo bá ṣe é ní kánjúkánjú. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti kọjá ibi tó sọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Obìnrin mẹ́rin ló padà wá. Ìrìn nìkan la ń rìn lákọ̀ọ́kọ́, láti ìsọ̀ káfíńtà dé ẹ̀bá ọ̀nà Kpingni, ìyá aláṣọ níwájú pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, tí ó ń kí gbogbo èèyàn kí wọ́n lè rí i pé òun ṣì wà láàyè. Bí a ṣe gba orúkọ wa padà nìyẹn, kì í ṣe nípa ọ̀rọ̀ kankan tí èmi sọ. Nísinsìnyí àgbàlá náà ní òrùlé. Mo ní ọ̀dọ́bìnrin méjì tí wọ́n ń bá mi ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì ti bá ìyá mi fọ́ òkúta rí. Ìyá mi ti fi òòlù sílẹ̀, òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tó sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wọlé bóyá ó ti jẹun. Mo ń gun òkè ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ̀rù kò tán. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń jí pẹ̀lú ọwọ́ tútù, tí mo sì ní láti jókòó sí etí ibùsùn fún ìgbà díẹ̀. Mo ti mọ̀ pé bí mo bá dúró kí ó kọ́kọ́ lọ kí n tó dìde, n kò ní dìde láé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn obìnrin abúlé Soclogbo ránṣẹ́ sí mi. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, wọ́n ti gbọ́ pé mo mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Oorun kò kùn mí ní alẹ́ tó ṣáájú. Mo ń rò pé, kí ni màá sọ fún ẹni tó ń kọ ebè láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi? Mo di ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sínú aṣọ, mo gun alùpùpù, n kò lè kó agolo dání.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, wọ́n tó ogún, wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ọmọ odó rẹ̀ lé itan. Mo béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gún.

Èyí tó dàgbà jù láàárín wọn dáhùn. Ó ní, "Wọ́n ní gbígbé lẹ ń gbé nǹkan níbẹ̀. A kò mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Àyà mi ń lù kíkan. Mo tú ẹ̀rọ náà kúrò nínú aṣọ, mo ní kí ìyá náà na apá rẹ̀ fún mi.